Àwọn méjìlá tó kọ̀ láti yí ohùn padà: ẹjọ́ Penn àti Mead ní London, 1670

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1670, àwọn Quaker kan, ọmọ ìjọ Kristẹni kan tí ìjọba kò fẹ́, ń lọ sí ìpàdé wọn ní òpópónà Gracechurch, ní àárín gbùngbùn London. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ṣọ́jà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ilé ìpàdé sì ti di títì pa. Wọn ò bá ṣọ́jà fa ọ̀rọ̀, wọn ò sì padà sílé. Ìta gbangba níbẹ̀ ni wọ́n dúró sí, èrò sì ń pọ̀ sí i, títí ọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26 fi bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. William Penn ni. William Mead, oníṣòwò aṣọ ọ̀gbọ̀ tó ti lé ní ọmọ 40 ọdún, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn agbófinró mú àwọn méjèèjì. Sir Samuel Starling, Méyọ̀ London, ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí wọ́n fi mú wọn.

Ẹjọ́ tó jáde láti inú ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ni àwọn amòfin Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Èmi kì í ṣe amòfin. Ohun tó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé àwọn tó gba ìyà jù nínú rẹ̀, tí ìyà wọn sì so èso jù, kì í ṣe Quaker. Àwọn ará ìlú ni, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n kàn pè wá gbọ́ ẹjọ́ aládùúgbò wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí àwọn Quaker jẹ́ lójú ìlú. George Fox, ọmọ ahunṣọ láti Fenny Drayton ní Leicestershire, tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ bàtà nígbà tó wà lọ́mọdé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù káàkiri ní nǹkan bí ọdún 1647. Ó ní ìmọ́lẹ̀ Kristi wà nínú olúkúlùkù, nítorí náà kò sídìí fún àlùfáà tí à ń sanwó oṣù fún. Wọn kì í rì bọmi, wọn kì í jẹ oúnjẹ Olúwa. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, bí Ẹ̀mí bá sún ẹnì kan sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe obìnrin, á dìde sọ ọ́. Àwọn Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ Quaker, tó túmọ̀ sí agbọ̀n-jìnnìjìnnì, adájọ́ kan ní Derby ló fi bú wọn ní 1650, nítorí pé Fox ní kó wárìrì níwájú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nìkan ni, bóyá ìlú ìbá fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ iyì ló dá ìjà sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn ní “ìwọ” àti “ẹ̀yin” gẹ́gẹ́ bí tiwa. Ọmọdé, ìránṣẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ ẹni là ń pè ní ìwọ. Ẹni tó bá juni lọ là ń pè ní ẹ̀yin. Quaker kò mọ ẹ̀yin fún ẹnì kan ṣoṣo. Bó dé iwájú adájọ́, ìwọ. Bó dé iwájú ọlọ́lá, ìwọ. Kò ní ṣí fìlà, kò ní tẹríba, kò ní pe ẹnikẹ́ni ní Olúwa mi. Yorùbá kò nílò ìtumọ̀ fún ohun tí èyí ṣe sí ọkàn àwọn àgbà ìlú. Kí ọmọ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dúró gbọn-in níwájú baálẹ̀, kó dé fìlà sórí, kó ní “ìwọ, kí lo wí?” Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà, mo sì ní láti ka ìtàn wọn pẹ́ kí n tó gbà pé kì í ṣe àfojúdi. Wọ́n ń ṣí fìlà. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ni wọ́n ń ṣí i. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ni wọn ò fẹ́ fún ènìyàn, olówó tàbí tálákà, ohùn kan náà sì ni wọ́n fi ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀.

Ìbúra tún wà níbẹ̀. Jésù ní “Ẹ má ṣe búra rárá”, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ìlú tó jẹ́ pé ìbúra ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó fẹ́ràn ọba, tí wọ́n sì fi ń wọ ipò àti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tí kò lè búra ti di àlejò nínú ìlú bàbá rẹ̀. Adájọ́ tí kò bá rí ẹ̀sùn kan kan fi kan Quaker yóò kàn ní kó búra. Bó bá kọ̀, túbú. Wọ́n kì í san ìdámẹ́wàá fún ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba, àwọn aláṣẹ sì ń kó màlúù àti ohun èlò ilé wọn lọ nítorí rẹ̀.

Nígbà tí Ọba Charles Kejì padà sórí oyè ní 1660, ọ̀ràn wọn burú sí i. Ní oṣù Kìíní 1661, àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn kan gbé ohun ìjà ní London, àwọn Quaker ni ìyà rẹ̀ já lé lórí jù: ó lé ní 4,000 wọn tí wọ́n kó sẹ́wọ̀n láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ọba lóṣù yẹn gan-an pé àwọn kì í jagun rárá. Òfin 1662 dojú kọ wọn tààrà. Òfin 1664 ka ìpàdé ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba léèwọ̀, bí àwọn tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ará ilé bá ti ju márùn-ún lọ. Wọ́n tún un ṣe ní 1670: ṣílè 5 fún ẹni tó bá lọ, pọ́n-ùn 20 fún ẹni tó bá wàásù, ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà sì jẹ́ ti ẹni tó bá wá tú wọn fó. Olófòófó wá di iṣẹ́ tó ń mówó wọlé.

Òfin tuntun yìí kò nílò júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n ń pè wá gbọ́ ẹ̀rí kí wọ́n sì sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi. Adájọ́ kan ṣoṣo lè dá ẹjọ́ náà tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyà tí àwọn aláṣẹ London fẹ́ fi jẹ Penn ju owó ìtanràn lọ, wọ́n sì lọ bá òfin àjùmọ̀ní àtijọ́, èyí tó ti inú ìdájọ́ àwọn adájọ́ àtijọ́ wá, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdàrúdàpọ̀ kàn án: pé òun àti Mead kó ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn jọ pẹ̀lú ipá àti ohun ìjà, tí wọ́n sì da àlàáfíà ọba rú. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé iwájú júrì. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn méjìlá náà.

Penn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹni tí wọ́n máa ń tì síwá tì sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ni Admiral Sir William Penn, ọ̀gágun ojú omi tí ọba àti àbúrò ọba mọ̀ dáadáa. Oxford lé ọmọ náà jáde ní 1662 nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ní 1667, ní Cork ní Ireland, ó di Quaker. Ó ti lo oṣù mélòó kan nínú Ilé Ìṣọ́ London, odi ọba tí wọ́n tún fi ń ṣe ẹ̀wọ̀n, nítorí ìwé tó tẹ̀ jáde. Mead ní tirẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà rí. Ó sọ ọ́ ní kóòtù pé nígbà kan òun ń lo idà, òun sì rò pé òun kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nísinsìnyí òun bẹ̀rù Ọlọ́run alààyè.

Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Old Bailey ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ Penn àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí a ní ti wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún náà gan-an, Starling sì tẹ ìwé tirẹ̀ láti fi dá wọn lóhùn. Kí a máa fi ìyẹn sọ́kàn bí a ti ń kà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ní àwọn kò jẹ̀bi, wọ́n sì fi wọ́n sí ìdúró fún wákàtí márùn-ún nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ àwọn ọlọ́ṣà.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀ṣọ́ kan ṣí fìlà wọn lórí bí wọ́n ti ń wọlé. Méyọ̀ bínú sí ẹ̀ṣọ́ náà, ó ní ta ló ní kó ṣí i, kó dé e padà fún wọn. Nígbà tí fìlà ti wà lórí wọn, Sir John Howel, amòfin àgbà ìlú London tí wọ́n ń pè ní Recorder, bi Penn léèrè ìdí tí kò fi ṣí fìlà fún kóòtù. Penn ní nítorí pé òun kò gbà pé ọ̀wọ̀ nìyẹn jẹ́. Recorder bu owó ìtanràn lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn: máàkì 40, ó lé ní pọ́n-ùn 26. Penn wá ní kí gbogbo ènìyàn ṣàkíyèsí pé àwọn wọlé láìdé fìlà, àwọn tó jókòó sórí àga ìdájọ́ ló ní kí wọ́n dé e fún àwọn. Àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kó san owó ìtanràn. Fìlà yìí, bí a ó ti rí i, ló gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n nígbẹ̀yìn.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni wọ́n pè. Ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Cook ní òun rí Penn tó ń bá èrò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ohun tó ń sọ nítorí ariwo. Ẹlẹ́rìí kẹta ní òun kò rí Mead níbẹ̀. Recorder wá yíjú sí Mead fúnra rẹ̀: ṣé o wà níbẹ̀? Mead ní òfin kò fipá mú ẹnikẹ́ni láti fẹ̀sùn kan ara rẹ̀. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí òfin pè ní ìdàrúdàpọ̀ fún júrì, Méyọ̀ ní ahọ́n rẹ̀ yẹ ní gígé kúrò.

Penn kò sẹ́ pé òun wàásù. Ohun kan ló ń bèèrè: òfin wo ni ẹ fi mú mi? Recorder ní òfin àjùmọ̀ní. Penn ní kó fi hàn án. Recorder ní òun kò lè sáré lọ sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ àtijọ́ láti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Penn dáhùn pé bó bá jẹ́ àjùmọ̀ní lóòótọ́, kò yẹ kí mímú un jáde nira tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ lọ sí ihò kan tí wọ́n fi ògiri ké sí igun kóòtù, wọ́n fi Mead tẹ̀ lé e, Recorder sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún júrì lẹ́yìn wọn. Láti inú ihò yẹn ni Penn ti kígbe sí àwọn méjìlá náà pé wọ́n ń dá ẹjọ́ òun láìsí òun níbẹ̀.

Àwọn méjìlá lọ sókè láti fikùn lukùn. Lẹ́yìn wákàtí kan àbọ̀, mẹ́jọ sọ̀kalẹ̀, mẹ́rin kò wá. Wọ́n rán wọn níṣẹ́ pé kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Edward Bushell, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, ni wọ́n kọjú ìbínú sí. Sir John Robinson, ọ̀gá Ilé Ìṣọ́ London, ní òun ti mọ̀ ọ́n fún bí ọdún 14, pé ó fi ara rẹ̀ sínú júrì yìí ni. Bushell ní rárá, ọgọ́ta ènìyàn ló ṣáájú òun nínú orúkọ, òun ìbá sì ti fẹ́ yọ ara òun, kò ṣeé ṣe ni. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yìí. Akọni kankan kò jáde wá wá ogun. Wọ́n pè é, ó búra pé òun ó sọ òtítọ́ (ìbúra tí Quaker kankan kì bá tí ṣe), ó sì dúró ti ohun tó búra lé.

Thomas Veer, olórí júrì, gbé ìdájọ́ wọn kalẹ̀: Penn jẹ̀bi sísọ̀rọ̀ ní òpópónà Gracechurch. Ṣé kò sí mìíràn? Ìyẹn nìkan ni wọ́n fi rán mi. Méyọ̀ gbìyànjú láti ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu: ṣé ẹ ní ó ń bá àwọn jàǹdùkú sọ̀rọ̀ ni? Veer tún ní, ìyẹn nìkan ni wọ́n fi rán mi. Ibi tí ọgbọ́n wọn wà nìyí: ẹ̀sùn náà ni ìdàrúdàpọ̀ pẹ̀lú ohun ìjà, sísọ̀rọ̀ lójú títì kì í ṣe ìdàrúdàpọ̀. Àwọn aláṣẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì gbà á. Wọ́n dá wọn padà. Àwọn méjìlá kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn fọwọ́ sí i: Penn jẹ̀bi sísọ̀rọ̀ tàbí wíwàásù fún èrò, Mead kò jẹ̀bi. Recorder bú jáde pé wọn kò ní lọ sílé títí wọn ó fi mú ìdájọ́ tí kóòtù fẹ́ wá; wọ́n á tì wọ́n mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, láìsí tábà. Penn pè sí wọn bí wọ́n ti ń lọ: ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yín, ẹ má fi ẹ̀tọ́ yín sílẹ̀. Bushell dáhùn pé àwọn kò ní fi í sílẹ̀ láé.

Òru Sátidé yẹn ni wọ́n sùn níbẹ̀, wọn ò tilẹ̀ fún wọn ní ìkòkò ìtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ara òun kò yá, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Méyọ̀ ní ara rẹ̀ le bí tàwọn yòókù, kí ebi máa pa á pọ̀ pẹ̀lú wọn. Láàárọ̀ Àìkú wọ́n mú wọn wá, ohùn kan náà. Wọ́n dá wọn padà, ohùn kan náà. Méyọ̀ ní òun á gé imú Bushell. Penn ké pé kò ṣeé fara dà kí wọ́n máa halẹ̀ mọ́ júrì òun báyìí. Recorder sì sọ ohun tí wọn kò gbàgbé fún un: pé òun kò mọ ọgbọ́n tí àwọn ará Sípéènì rí nínú Inquisition wọn, ilé ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń fìyà jẹ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yàtọ̀, títí di ọjọ́ yẹn, pé kò ní dáa fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò fi wà níbẹ̀.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn òru méjì, wọ́n tún kó wọn jáde. Wọ́n ti yí ìdájọ́ padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe síbi tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n yí i sí. Penn ńkọ́? Kò jẹ̀bi. Mead ńkọ́? Kò jẹ̀bi. Recorder pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó bu máàkì 40 lé olúkúlùkù wọn lórí, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n títí wọn ó fi san án. Penn ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Wọ́n ní ó ku owó fìlà. Báyìí ni àwọn tí wọ́n dá láre àti àwọn tó dá wọn láre ṣe jùmọ̀ lọ sẹ́wọ̀n Newgate.

Admiral Penn wà lórí ibùsùn ikú. Ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí i pé kó má ra òmìnira fún òun. Bàbá kò gbọ́. Wọ́n san owó náà fún àwọn méjèèjì, Penn sì bá bàbá rẹ̀ láàyè. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ni Admiral kú. Nígbà kan ó ti na ọmọ yìí lé jáde nílé nítorí ẹ̀sìn.

Nínú àwọn méjìlá, mẹ́rin ló takú: Bushell, John Hammond, Charles Milson àti John Baily. Wọn ò san kọ́bọ̀. Wọ́n gba iwájú kóòtù mìíràn lọ láti bèèrè ìdí tí wọ́n fi há àwọn mọ́, ní oṣù Kọkànlá sì ni Adájọ́ Àgbà John Vaughan sọ tirẹ̀. Ó ní ènìyàn méjì lè gbọ́ ẹ̀rí kan náà, kí òye wọn yàtọ̀, láìsí pé ọ̀kan nínú wọn purọ́. Ó ní láti àdúgbò ni wọ́n ti ń yan júrì nítorí pé wọ́n lè mọ ohun tí adájọ́ kò mọ̀. Bó bá jẹ́ adájọ́ ni yóò sọ ohun tí júrì gbọ́dọ̀ rí, kí ni wọ́n ń pè wọ́n wá ṣe? Ó tú wọn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún gbọdọ̀ jẹ júrì níyà nítorí ìdájọ́ tó ti ọkàn rẹ̀ wá. Òkúta ìrántí Bushell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Old Bailey títí dòní.

Ó gba ọdún 19 sí i kí òfin 1689 tó gba àwọn Quaker láyè láti pàdé láìfòyà, ó ti lé ní 400 wọn tó kú sẹ́wọ̀n kó tó dìgbà yẹn. Ní 1696 ni wọ́n gbà kí wọ́n máa jẹ́ẹ̀rí láìbúra, síbẹ̀ yunifásítì àti ipò ìjọba ṣì wà ní títì sí wọn. Òwò ló kù. Iye kan ni wọ́n ń dá lé ọjà, wọn kì í ná an, ọmọdé lè lọ bá wọn rajà láìfòyà kí wọ́n má rẹ́ ẹ jẹ. Láàrin irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Barclays ti jáde, ilé ìfowópamọ́ tí a mọ̀ ní Nàìjíríà kó tó di Union Bank, àti ìdílé Cadbury tó ni orúkọ tó wà lára agolo Bournvita wa. Penn gba Pennsylvania lọ́wọ́ ọba ní 1681, gbèsè tí ọba jẹ bàbá rẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́ pé ọkùnrin tó kígbe ẹ̀tọ́ láti inú ihò Old Bailey yìí kan náà ní ẹrú aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Àwọn Ọ̀rẹ́ kan ní Germantown kọ̀wé tako òwò ẹrú ní 1688, àwọn àgbà ìjọ sì gbé e tì. Nígbà tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó fẹ́ fòpin sí òwò náà sílẹ̀ ní London ní 1787, mẹ́sàn-án nínú àwọn méjìlá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Quaker. Láàrin 1688 sí 1787 yẹn, ọkọ̀ ń kó àwọn ènìyàn wa lọ láti Wídà.

Mo ti sáré jìnnà sí ọdún 1670, ó sì ku ohun kan nínú ẹjọ́ náà. Ní oṣù Kejì 1671, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Vaughan sọ̀rọ̀, wọ́n tún mú Penn níbi ìpàdé ní òpópónà Wheeler. Ilé Ìṣọ́ ni wọ́n mú un lọ lọ́tẹ̀ yìí, iwájú Sir John Robinson, kò sì sí júrì níbẹ̀. Robinson ní kó búra. Penn kọ̀. Oṣù mẹ́fà, Newgate. Robinson pàṣẹ pé kí ọ̀gá ṣọ́jà kan kó àwọn oníbọn tẹ̀ lé e lọ.

“Rárá, rárá,” ni Penn wí. “Rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ. Mo mọ ọ̀nà Newgate.”